Ọmọdé Bà Á Jẹ́: Tani Yíò Tún Un Ṣe?



Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: àwọn èwe tí ńba ohun ìní gbogbo ìlú jẹ́, àti òfin tí kò fi ọwọ́ líle mú wọn. Nwọ́n a fọ́ gíláàsì fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́, nwọ́n a sọ òkò lu iná ojú pópó, nwọ́n a ṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Nígbàtí a bá mú ẹni tí ó ṣe é, a ó rí i pé ọmọ ọdún 12 tàbí 13 ni. Àwọn kan á ní kí a gbé e lọ s'ẹ́wọ̀n. Àwọn kan á ní ọmọdé ni, kí a fi í sílẹ̀. A fẹ́ fi hàn nyín pé apá méjèèjì ni ó ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti ọdún 1916 wípé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi ọ̀ràn kankan. Ẹni tí kò sì tí ì pé ọdún 12 kò jẹ̀bi, àfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé ó ní òye tó láti mọ̀ pé kò yẹ kí on ṣe ohun náà. Li ọdún 1943, ní àkókò tí àwọn èwe tí a ńpè ní jàgùdà àti bọ́mà bọ́ì ńrìn káàkiri ìgboro Èkó, ìjọba ṣe Òfin Àwọn Ọmọdé àti Èwe. Òfin yí ya ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, ó sì wípé a kò gbọdọ̀ rán ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 lọ s'ẹ́wọ̀n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ li ọdún 2007, tún lọ síwájú: ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18, ọmọdé ni, a kò gbọdọ̀ fi í s'ẹ́wọ̀n, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ kí a nà án li ẹgba.

Ibí yí ni ọ̀pọ̀ ènìà ti ńpa ìwé òfin dé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ńbá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó fún adájọ́ li àṣẹ pé kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ san owó ohun tí ó bàjẹ́, tàbí kí òbí rẹ̀ san án. Pé kí ọmọ náà ṣe iṣẹ́ fún ìlú lábẹ́ àbójútó. Òfin kò wípé kí a má bá ọmọdé wí. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a sọ ọmọ ọdún 13 sí àárín àwọn ògbólógbòó olè, kí nwọ́n fi í ṣe ọmọ iṣẹ́. Kékeré ni a ti ńpẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ pẹ̀ka kì í gé igi náà lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ojú wa rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, àwa wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn òbí. Li alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò parí, àwọn ọmọ kan fọ́ gíláàsì fèrèsé 11, nwọ́n sì fi òkúta ṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ńpọn. A mú mẹ́ta nínú wọn. Èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 15, èyí tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 12. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a nà wọ́n títí ara wọn yíò fi bó. A kò ní purọ́: àwa tí ńsọ̀rọ̀ yí wà lára wọn. Nígbànáà ni èyí tí ó kéré jù gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kò lè fi mí s'ẹ́wọ̀n, sà. Bàbá mi ti bèèrè." Ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ náà mọ òfin dé ìdajì, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó kọ́ ọ ní ìdajì yókù.

Ìyá àgbà kan tí ńdín àkàrà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó là wá lójú. Ó ní, "Ẹ̀nyin baba, bí ẹ bá nà wọ́n, ṣé ẹgba ni èmi yíò fi po ẹ̀wà li ọ̀la? Ẹni tí ó gba omi lọ́wọ́ mi ni kí ó pọn omi fún mi." Ọ̀rọ̀ yí li a tẹ̀lé. Àwọn òbí ra gíláàsì àti ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ńlọ bá káfíńtà ní Sátidé mẹ́fà, nwọ́n ńṣa àfọ́kù, nwọ́n ńbá a to gíláàsì; títí a fi tún ẹ̀rọ ṣe, nwọ́n ńpọn omi fún ìyá náà láràárọ̀. Ṣùgbọ́n baba ọmọ ọdún 15 san owó tirẹ̀, ó sì ní ọmọ on kò ní ru omi ní ìgboro. Kò pé ọdún kan tí a tún mú ọmọ yí nídìí iná ojú pópó tí ó fọ́. Ní ti ọmọ ọdún 12, on li ó wá bá wa li ọjọ́ kan pé àwọn kan tún ńgbìmọ̀ láti fọ́ fèrèsé. Ó ní, "Èmi ni mo to gíláàsì yẹn, sà."

Nítorínáà, ohun mẹ́ta li a fi ńbẹ̀ nyín. Èkíní, ẹ̀nyin òbí, ẹ má ṣe fi owó ra ọmọ nyín kúrò nínú iṣẹ́ àtúnṣe. Owó tí ẹ san kò dun ọmọ. Òógùn tirẹ̀ ni yíò kọ́ ọ. Èkejì, ẹ̀nyin ará àdúgbò, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ ọmọdé pẹ̀lú igi àti taya. Fèrèsé ṣe é rà. A kì í ra ẹ̀mí. Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ tí a bá fún ọmọ jẹ mọ́ ohun tí ó bàjẹ́, kí ó ní ọjọ́ ìparí, kí a má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún li a fi ńfà á mọ́ra.

Ó kù kí a wo ara wa. Nígbàtí ọmọ bá gbọ́ tí àgbà ńsọ nípa ohun ìlú pé, "Ti ìjọba ni, kò kàn mí," níbo ni yíò ti kọ́ láti tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀rọ omi tí ó ṣẹ́ kì í ṣe ti ìjọba ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti ìyá alákàrà ni. Òfin ti fa ọmọ kúrò lọ́wọ́ wọ́dà, ó fi í lé wa lọ́wọ́. Bí àwa náà bá jù ú sílẹ̀, kí a rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yíò gbé ilé tí a kọ́ tà.