Ayé Róbótó àti Ọ̀nà Arìnrìn-àjò
Àsọyé fún àwọn ọmọ ìjọ ní Kétu, ní àgbègbè Kosofe, Ìpínlẹ̀ Èkó



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín dàbí èyí tí a ti parí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a kọ́ pé ayé rí róbótó bí ọsàn. Síbẹ̀, láti ìgbà tí fóònù ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń gbé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, àti pé ẹ̀tàn ni gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ. Nígbà tí àwọn òbí bá fẹ́ dá wọn lóhùn, gbólóhùn kan náà ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: “Bí ayé bá tẹ́ pẹrẹsẹ, báwo ni ènìyàn ṣe lè yí i ká, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti gbéra?” Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò tíì parí. Àwọn tí ó gbàgbọ́ nínú ayé pẹrẹsẹ ní ìdáhùn sí i, ìdáhùn náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Nítorí náà ni a fi rò ó pé ó yẹ kí a gbé ìdáhùn wọn sórí òṣùwọ̀n, kí a lè mọ ibi tí ó dúró dé àti ibi tí ó ti ṣubú. Ẹni tí ó fi ọ̀pá jíjẹrà gbèjà òtítọ́, nígbà tí ọ̀pá bá dá sí méjì, àwọn tí ń wòran yóò rò pé òtítọ́ ni ó dá.

Èkínní: ohun tí wọ́n gbàgbọ́.

Àwọn Gíríìkì ti mọ̀ pé ayé rí róbótó kí a tó bí Olúwa wa. Ẹni tí ó sọ ìgbàgbọ́ nínú ayé pẹrẹsẹ di ohun ìjiyàn ní ìgbà tiwa ni Samuel Rowbotham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1849, tí ó sì sọ ọ́ di ìwé ńlá ní 1865. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìpẹ̀kun àríwá ni àárín gbùngbùn ayé. Pé gbogbo ilẹ̀ tò yí i ká. Àti pé yìnyín ìhà gúúsù, èyí tí a ń pè ní Antarctica, ni odi tí ó yí etí àwo náà ká, tí kò jẹ́ kí omi òkun dànù.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún arìnrìn-àjò. Bí àríwá bá wà ní àárín, ẹni tí ó bá kọjú sí ìlà oòrùn, tí kò sì yà kúrò lórí ohun tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí, ń yí àárín náà po ni. Bí ó bá pẹ́ títí, yóò ti ìwọ̀ oòrùn padà wá sí ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò ní ẹnu ọ̀nà ọjà Máìlì 12, tí ó yí gbogbo ọjà náà ká títí ó fi padà dé ẹnu ọ̀nà náà, ó ti yí ọjà ká. Ọjà kò sì tìtorí èyí di bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí, a sì gbọ́dọ̀ gbà pé ó mọ́gbọ́n wá dé àyè kan.

Èkejì: àwọn ìrìn-àjò tí kò lè dá ẹjọ́ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1519, Ferdinand Magellan, ọmọ ilẹ̀ Potogí, kó ọkọ̀ ojú omi márùn-ún jáde láti ilẹ̀ Sípéènì, ó sì dorí kọ ìwọ̀ oòrùn. A pa òun fúnra rẹ̀ ní erékùṣù Mactan, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Philippines lónìí, ní oṣù kẹrin 1521. Juan Sebastián Elcano ni ó kó àwọn tí ó kù padà. Nínú àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ tí wọ́n jọ gbéra, 18 péré ni ó bá ọkọ̀ Victoria gúnlẹ̀ sí Sípéènì ní oṣù kẹsàn-án 1522. Ẹ̀rù ńlá ni wọ́n fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ohun ìyanu kan bá wọn ní etí ilé wa níhìn-ín, ní erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ní oṣù keje 1522. Antonio Pigafetta, tí ó ń kọ ìtàn ìrìn-àjò náà, kò fi ọjọ́ kan ṣófo nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́rú ni lójú tirẹ̀. Àwọn ará erékùṣù sì ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ kan ti sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé oòrùn lọ sí ìwọ̀ yíká ayé yóò rí oòrùn kí ó yọ ní ìgbà kan dín sí ti ẹni tí ó jókòó sílé.

Ọ̀pọ̀ ni yóò ké pé, “Ẹ̀rí nìyí!” Ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn Rowbotham sọ pé oòrùn ń yí po lókè àwo ayé, nítorí náà ẹni tí ó bá bá a yí àwo náà ká yóò pàdánù ọjọ́ kan bákan náà. A kò lè fi ọjọ́ tí ó sọnù yìí nìkan mú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Joshua Slocum, tí ó dá nìkan wa ọkọ̀ Spray yí ayé ká láti 1895 títí di 1898. Nígbà tí ó dé Pretoria, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ Paul Kruger, ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Kruger tún ọ̀rọ̀ ṣe fún wọn pé a kò lè sọ pé ọkùnrin náà ń rìn yí ayé ká. Nínú ayé ni ó ń rìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọmọ tiwa, Ademilola Odujinrin, tí ó fi ọkọ̀ òfurufú kékeré alẹ́ńjìnnì kan gbéra láti Washington ní 2016, tí ó dá nìkan wà á yí ayé ká, tí ó sì padà gúnlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹta 2017. Iṣẹ́ akin ni, ó yẹ kí a máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn jáde láti ìhà kan, ó sì ti ìhà kejì wọlé, èyí nìkan kò tó láti dá ẹjọ́.

Kí ni yóò wá dá a? Àwọn bàbá wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a fi ọ̀nà ìlà oòrùn sílẹ̀, kí a wo àwọn ọ̀nà yòókù.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀rí ìwọ̀n ọ̀nà.

Ẹ mú ọsàn kan láti ọjà èso Ìkòsí. Ẹ là á ní èèpo láti ìdí rẹ̀ sókè ní ọ̀nà púpọ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó já ní orí. Kí ẹ wá bó èèpo náà, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Ní orí, níbi tí ó ti so pọ̀, àlàfo kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń lọ sí ìdí ni ó ń là gbàràgàdà, tí àwọn ibi tí ó fara kan ara wọn tẹ́lẹ̀ sì ń jìnnà sí ara wọn. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ayé nìyẹn, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di àwo tí àríwá wà láàárín rẹ̀: àwọn ìlú ìhà gúúsù yóò jìnnà sí ara wọn rékọjá ààlà.

Ìlú Sydney wà ní Ọsirélíà, Santiago sì wà ní ilẹ̀ Chile ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Lórí máàpù Rowbotham, ọ̀nà tààrà láàárín wọn lé ní 25,000 kìlómítà. Ọkọ̀ òfurufú ńlá tí ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lò tó wákàtí 28 lórí rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ akérò kan tí ó lè gbé epo tí yóò gbé e dé ibẹ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Qantas ti ń fò láti Sydney dé Santiago láìdúró, láàárín nǹkan bí wákàtí 12 sí 14. Lórí ayé tí ó rí róbótó, nǹkan bí 11,300 kìlómítà ni ọ̀nà náà, ìṣirò àti aago sì bára mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a yí máàpù padà, kí gúúsù bọ́ sí àárín, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyà náà yóò kàn ṣí lọ sí àríwá ni. Láti London dé New York yóò wá lé ní 18,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni kò tó 5,600. Àwọn tí wọ́n ní ọmọ ní ìlú méjèèjì yìí kò kéré nínú ìjọ wa. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wákàtí méje ni wọ́n fi dé ibẹ̀ tàbí 20.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀rí àwọn tí ó la yìnyín já.

Bí Antarctica bá jẹ́ odi ní etí ayé, ẹni tí ó bá ti ìhà Áfíríkà wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń lọ síwájú láìyà, kò gbọdọ̀ jáde sí ilẹ̀ kankan tí a mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1979, Ranulph Fiennes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra láti Greenwich ní London láti tọ ìlà tí ó ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, ìlà kan náà tí ó gba ẹ̀bá Tema kọjá ní ilẹ̀ Ghana. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Abidjan. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Gúúsù Áfíríkà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ sí ilẹ̀ yìnyín. Ní oṣù kejìlá 1980 wọ́n dé ìpẹ̀kun gúúsù gan-an. Wọn kò padà sẹ́yìn. Wọ́n ń lọ síwájú títí wọ́n fi jáde ní òdì kejì, ní ìhà tí ó kọjú sí New Zealand. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gòkè lọ sí àríwá, Fiennes àti Charles Burton dé ìpẹ̀kun àríwá ní oṣù kẹrin 1982, wọ́n sì padà sí Greenwich ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ìrìn wọn lórí yìnyín gúúsù kò tó 5,000 kìlómítà. Lórí àwo Rowbotham, ibi tí wọ́n ti wọlé àti ibi tí wọ́n ti jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ara wọn ní etí méjì ayé. Ọ̀nà tààrà láàárín wọn lé ní 35,000 kìlómítà, ó sì gba ẹ̀bá ìpẹ̀kun àríwá kọjá! Kò sí bí a ti lè tún máàpù náà fà kí ó gba ìrìn yìí. Ọdún díẹ̀ ṣáájú èyí, ní oṣù kẹwàá 1977, ọkọ̀ òfurufú Pan Am kan ti kó èrò láti San Francisco, ó gba orí ìpẹ̀kun àríwá dé London, ó dé Cape Town, ó gba orí ìpẹ̀kun gúúsù dé Auckland, ó sì padà sílé láàárín wákàtí 54.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyí. Ìgbàgbọ́ nínú ayé pẹrẹsẹ lè sọ bí a ti ń yí ayé ká láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Kò lè sọ bí a ti ń yí i ká láti àríwá sí gúúsù, kò sì lè sọ ìdí tí ọ̀nà gúúsù fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Lórí ọsàn, ibi yòówù kí èèrà gbà, yóò padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwo, ọ̀nà tí ó bá kọjú sí etí yóò já sí òfo.

Ẹ̀karùn-ún: ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ìjọ.

Àwọn kan yóò wí pé Ìwé Mímọ́ sọ̀rọ̀ nípa igun mẹ́rin ayé, nínú Aísáyà orí 11 àti Ìfihàn orí 7. Òtítọ́ ni. Aísáyà kan náà, ní orí 40, sì sọ̀rọ̀ nípa òbìrí ayé. Àwa Yorùbá a máa sọ pé oòrùn wọ̀, kò sì sí ẹni tí ń béèrè ilé tí ó wọ̀. Èdè àwọn ènìyàn ni Ọlọ́run fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò fi í ṣe ìwé ìwọnlẹ̀.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Mohammed Yusuf, tí ó dá ẹgbẹ́ Boko Haram sílẹ̀ ní Maiduguri, sọ fún BBC ní 2009 pé òun kò gbà pé ayé rí róbótó, nítorí ó lòdì sí ẹ̀sìn òun. Kì í ṣe Ìsìláàmù ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Al-Biruni, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí, ti wọn bí ayé róbótó ti tóbi tó ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òpùrọ́ ni gbogbo olùkọ́ ti la ọ̀nà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọn yóò gbà á dé.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyí, ẹ̀yin ará. Kí ayé tó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo awakọ̀ òfurufú, gbogbo atukọ̀ òkun, àti àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Sydney àti Auckland gbọ́dọ̀ ti dìmọ̀ pọ̀ láti parọ́. Òfin kẹsàn-án kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa, ẹni tí ó bá sì ń pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún olóòótọ́ ní òpùrọ́ láìní ẹ̀rí kan lọ́wọ́ ti rú òfin náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbínú pa ọmọ tí ó bá béèrè lẹ́nu mọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú ọsàn àti okùn, ẹ jọ wọn ọ̀nà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá gbọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ó lè ṣàlàyé nìkan. Ẹ bi í léèrè ohun tí kò lè ṣàlàyé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí Ọlọ́run, tí ó dá ayé tí ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, fún wa ní ọkàn tí kì í bẹ̀rù òtítọ́. Àmín.