Ọta Àfọwọ́kì àti Ààbò Ẹni Tí Ń Yìn Ín

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ka Amẹ́ríkà sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú Wa

  

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè jọ ohun àjèjì létí àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìlú ọdẹ ni ìlú wa, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ sì wà lára àwọn ọmọ wa tí ó ti di ará Amẹ́ríkà. Díẹ̀ nínú wọn ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì ti ń kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ ara ẹni ki ọta fún ìbọn pélébé. Wọ́n ń bi wá pé, ǹjẹ́ kò léwu? Àwọn kan nílé pẹ̀lú ń béèrè bóyá ẹ̀tù tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kò ní dára fún ìbọn àwọn bàbá wa. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè kìíní ni pé ẹni tí ó mọ nǹkan wọ̀n, tí ó sì ní sùúrù, lè ṣe é kí ó má fara pa. Ẹni tí ń fojú díwọ̀n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ìdáhùn wa sí ìkejì ni pé, ó tì o, láéláé.

Kí ni a ń pè ní ọta àfọwọ́kì? Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ọta ìgbàlódé: kòròfo idẹ, ìṣáná kékeré tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù inú rẹ̀, àti òjé tí ó dí ẹnu rẹ̀, èyí tí ń fò lọ bá ohun tí a yìn. Bí a bá yìn ín tán, òjé ti lọ, ẹ̀tù ti jó, ìṣáná ti kú, ṣùgbọ́n kòròfo ṣì wà. Òun ni wọ́n ń ṣà jọ, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ orí tábìlì dá padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí wọn tó ki ìṣáná, ẹ̀tù àti òjé tuntun sí i. Wọ́n ń ṣe é kí owó má baà pọ̀, àti kí ọta lè bá ìbọn wọn mu gẹ́gẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń ki ti ara rẹ̀. Ẹni tí ń kì í tà ni ó gbọdọ̀ gbà á.

Ìbọn pélébé tí a ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń ki lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Inú èkù rẹ̀ ni ọta ń tò sí. Bí ọ̀kan bá dún, agbára ẹ̀tù kan náà tí ó ti òjé jáde ni ó ń ti ìdérí òkè ìbọn sẹ́yìn, tí kòròfo fi ń fò dànù. Bí ìdérí sì ti ń padà bọ̀, yóò ti ọta mìíràn bọ ihò. Irú rẹ̀ ni èyí tí John Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1911. Nítorí náà agbára ẹ̀tù gbọdọ̀ ṣe déédéé. Bí ó bá kéré, ìbọn kò ní lè ki ara rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ bí agbára náà ti tó. Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kì í sábà ju pọ́ùn 35 lọ lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1926, fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé agbára inú ọta 9mm Luger kò gbọdọ̀ kọjá pọ́ùn 35,000. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni! Gígùn apá ènìyàn ni ó sì wà láàrin ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ àti ojú ẹni tí ń yìn ín.

Ewu mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀.

Èkíní ni ẹ̀tù ìlọ́po méjì. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹ̀tù ni grain, 7,000 rẹ̀ ni ó wà nínú pọ́ùn kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọta ìbọn pélébé sì ń fẹ́. Àwọn ẹ̀tù kan wà tí ìwọ̀n tí ó tọ́ nínú wọn kì í kún ìdajì kòròfo. Bí a bá pe ẹni tí ń ki ọta, tí ó dáhùn, tí ó sì padà wá da ẹ̀tù sínú kòròfo tí ó ti dà sí tẹ́lẹ̀, kò ní ṣàn jáde. Òjé yóò bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ojú tí yóò tún rí i.

Èkejì ni ọta tí ẹ̀tù kò sí nínú rẹ̀. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jù, nítorí ohùn rẹ̀ kéré. Ìṣáná nìkan lè ti òjé wọ inú ọ̀pá ìbọn, kí ó sì há síbẹ̀. Ìbọn kò ní ki ara rẹ̀. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ yóò rò pé ó kọ̀ ṣá ni, yóò fi ọwọ́ fa ìdérí rẹ̀, yóò sì tún yìn ín. Òjé kejì yóò bá ti ìṣáájú lójú ọ̀nà, ọ̀pá ìbọn yóò wú tàbí kí ó bẹ́. Nítorí náà, bí ìbọn bá dún pó níbi tí ó yẹ kí ó dún gbàà, ẹ dúró. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀kánkán ibi tí a ń yìn sí, kí ẹ ka 30 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó gbogbo ọta inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ tú u, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ni òjé tí kòròfo kò dì mú dáadáa. Bí ọta ti ń wọ ihò, ó ń fi imú gbá irin. Bí òjé bá yẹ̀ wọ inú sí i, àyè ẹ̀tù yóò fún, agbára rẹ̀ yóò sì kọjá òdiwọ̀n, bí ẹ̀tù kò tilẹ̀ lé ní ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa ti ọta kan náà bọ ihò, kí a tún máa yọ ọ́, léraléra.

Ẹ̀kẹrin ni kòròfo tí kò padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tàbí ìṣáná tí ó yọrí síta. Ọta bẹ́ẹ̀ lè má wọ ihò tán. Bí ó bá dún kí ihò tó pa dé, idẹ yóò ya, iná yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Kí a yọ ọ̀pá ìbọn sọ́tọ̀, kí a fi ọta sí ihò rẹ̀: ìwúwo ara rẹ̀ ni kí ó fi wọlé, òun náà ni kí ó fi já bọ́.

Báwo ni a ó ṣe dènà ìwọ̀nyí? Kí a ra ìwé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré jù nínú rẹ̀; a kò gbọdọ̀ gba ìwọ̀n ẹ̀tù lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì, nínú agolo tí ó bá wá. Kí a yan ẹ̀tù tí ń kún ju ìdajì kòròfo lọ, kí ìlọ́po méjì lè fi ara rẹ̀ hàn. Kí a tan iná wo inú kòròfo kọ̀ọ̀kan kí òjé tó bò ó. Kò sí ọtí, kò sí sìgá, kò sí ìtàkúrọ̀sọ. Kí a kọ orúkọ ẹ̀tù, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ sára páálí. Ọta tí ẹlòmíràn kì, a kò gbọdọ̀ yìn ín, ìbáà jẹ́ àna ẹni ni ó kì í. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, nítorí náà kí awò ààbò máa wà lójú. Májèlé ni òjé. Kí a fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, kí a tó gbé ọmọ. Kí a sì rántí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìbọn kìlọ̀ nínú ìwé wọn pé kí a má lo ọta àfọwọ́kì. Ẹni tí ó bá lò ó, òun ni ó ru ẹrù rẹ̀.

Òfin tún ń bẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tí ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, òfin tí wọ́n tún ṣe ní 1998 kò jẹ́ kí ẹ ní ìbọn tàbí ọta, àfi fún ìdí díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Ọta kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tí ó wà ní ìlú Ọba, lẹ́yìn ìpànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn pélébé lọ́wọ́ ará ìlú. Nílé níhìn-ín, Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn pélébé mọ́ èyí tí a fi léèwọ̀. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè mú kí ènìyàn ní in.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, tiyín ni ó kù. Ẹ̀tù dúdú ni a ṣe ṣakabùlà fún. Ẹ̀tù tí wọ́n ń lò nínú ọta ìgbàlódé jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, èyí tí Paul Vieille, ará Faransé, ṣe ní 1884. Kì í rú èéfín púpọ̀, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ jìnnà. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dúdú bí tiyín, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí a bá fi ìwọ̀n tí ẹ ń bù láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bù ú sínú ṣakabùlà, pàápàá èyí tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi rọ, ọ̀pá rẹ̀ yóò bẹ́. Ọwọ́ tí ó bá lọ kò ní padà; ojú tí ó bá fọ́ kò ní àrópò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lẹ́yìn odi, bí bàbá yín tilẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ẹ̀tù ránṣẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á, ìbáà jẹ́ nínú àpótí tàbí nínú àpò ọwọ́. Ẹ fi awò ààbò ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ fi owó tí wọn yóò fi tún ìbọn ṣe ránṣẹ́.

Ìbọn kò mọ ọmọ ọdẹ, kò mọ ọ̀mọ̀wé. Ohun tí a bá ki sínú rẹ̀ ni ó ń pọ̀ jáde. Kí a wọ̀n ọ́n, kí a wò ó, kí a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró.  Kí ìlú wa máa gòkè, kí a má fi ọwọ́ ara wa fa àgbákò. Àṣẹ.