Ilẹ̀ Ológbò Igbó àti Oko Kòkó Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ológbò igbó ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ nínú yín bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, adìyẹ tí ó gbé lọ ni ẹ óò kọ́kọ́ rántí.

Ẹranko yìí kì í rìn kiri láìní ilẹ̀. Bí àwa ti ń gbin pèrègún sí ààlà oko, bẹ́ẹ̀ ni òun ń tọ̀ sí ìdí igi, kí ẹlòmíràn tí ó bá gbóòórùn rẹ̀ lè mọ̀ pé onílẹ̀ wà. Abo a máa yan ibi tí eku pọ̀ sí, tí ó sì ní igbó dídí tí yóò fi ọmọ pamọ́ sí. Akọ a máa gba ilẹ̀ tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè kan ti abo bíi mélòó kan. Eku ni ó ń wọn ilẹ̀ fún abo. Abo ni ó sì ń wọ̀n ọ́n fún akọ.

Ẹtà kì í ṣe ìran ológbò gan-an, ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà. Bí ẹ bá rí òkìtì imí tí kóró èso kún inú rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà oko, ààmì rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ náà kì í kéré. Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, elétí ńlá wà nínú ọ̀dàn, tí òyìnbó ń pè ní serval. Ní Ngorongoro, ní Tanzania, abo rẹ̀ kan lo kìlómítà onígun mẹ́rin 9.5. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tí ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, hẹ́kítà 75 péré ni. Kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo kò lè rí oúnjẹ tó nínú rẹ̀. Oko tí ó yí i ká ni yóò rìn dé ní òru.

Ẹ má sì rò pé ariwo ènìyàn ni í lé e. Ní Secunda, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú ilẹ̀ ṣe epo ọkọ̀, àwọn onímọ̀ kéde ní 2018 pé serval tí ó wà níbẹ̀ tó 76 sí 101 nínú kìlómítà onígun mẹ́rin 100. Koríko gíga wà níbẹ̀, eku pọ̀, ọgbà sì dènà àwọn tí ń dẹkùn.

Oko tiwa ńkọ́? Eku a máa dá èso kòkó lu, a sì máa lá omi dídùn ara hóró rẹ̀. Àrùn a sì gba ojú ihò náà wọlé. Èmi kò sọ pé ológbò igbó yóò pa eku tán. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tàn yín ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó sun igbó etí odò, tí ó sì dẹkùn yí oko ká, ti lé olùṣọ́ òru tí kì í gba owó.

Ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀ láìsun ún. Ẹ má ṣe fi májèlé pa eku, nítorí ológbò tí ó bá jẹ òkú eku náà lè kú pẹ̀lú. Ní ti adìyẹ, ẹ kó wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì dí gbogbo ihò ara ògiri ilé wọn tí ó bá lè gba ìkúùkù ọmọdé.