Ìgbì Kúkúrú, Ọ̀nà Gbòòrò: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fóònù Tó Ń Bọ̀

Ìgbì rédíò ni ẹṣin tí ọ̀rọ̀ ń gùn láti fóònù kan dé òmíràn. Bí ìgbì bá ṣe ń yára mì tó, bẹ́ẹ̀ ni gígùn rẹ̀ ń kúrú tó. Ọ̀kan lára ìgbì tí GSM bá wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001 ń mì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 900 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33, ó fi díẹ̀ ju rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Ti 5G, tó débẹ̀ ní 2022, ń mì ní nǹkan bí bílíọ̀nù 3.5, gígùn rẹ̀ ò sì tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ní báyìí, ojú àwọn tó ń ṣèwádìí 6G ti ń lọ sórí ìgbì tó ń mì ní bílíọ̀nù 100 sí 300. Gígùn èyí tó ń yára mì jù níbẹ̀ kò ju mìlímítà 1 péré.

Ààyè ni wọ́n ń wá lọ. Ìsàlẹ̀ ti kún: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú, ológun, kálukú ti gba tirẹ̀. Lókè, ilẹ̀ ṣì tẹ́ rẹrẹ, bí ọ̀nà bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ẹrù tó ń gbabẹ̀ kọjá ṣe ń pọ̀ tó. Àmọ́ aláìlera ni ìgbì kúkúrú. Ògiri ń dá a dúró, òjò ń jẹ ẹ́, kódà àtẹ́lẹwọ́ tó bo ẹ̀yìn fóònù lè dí i lọ́nà.

Inú àìsàn náà gan-an ni oògùn àkọ́kọ́ ti wá. Àńtẹ́nà kì í sábà gùn ju ìdajì ìgbì rẹ̀ lọ. Fún ìgbì sẹ̀ǹtímítà 1, àńtẹ́nà 64 lè tò sórí pátákó tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kọ̀ǹpútà á wá máa dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀ bíńtín, kí ìgbì gbogbo wọn lè bá ara wọn mu lọ́dọ̀ fóònù kan ṣoṣo. Bí àwọn tó ń fa ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀ ṣe ń dárin nìyẹn, kí agbára wọn má baà tú ká. Níbòmíràn, ìgbì kan á máa pa èkejì.

Oògùn kejì ni pátákó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti darí ìgbì. Dígí lásán kò lè yan ibi tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ sí. Pátákó yìí ní ojú kéékèèké rẹpẹtẹ tí iná díẹ̀ ń yí padà, tó fi lè taari ìgbì wọ kọ̀rọ̀ tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí. Kì í dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi jẹ iná púpọ̀. Ìyìn tí wọ́n ń fún un ti pọ̀ jù díẹ̀, ṣá o: ó ti ń rẹ ìgbì kó tó débẹ̀, bí pátákó náà kò bá sì tóbi dáadáa, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló máa kọjá.

Ọ̀nà mìíràn ni sátẹ́láìtì. Àwọn ti àtijọ́ wà ní kìlómítà 35,786 sókè. Kí ìgbì tó gòkè débẹ̀ kó sì sọ̀kalẹ̀, ó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, òun ló sì ń mú kí àwọn méjì máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, wà ní nǹkan bí kìlómítà 550. Ó yá, àmọ́ eré ló ń sá kọjá lójú sánmà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì ní láti pọ̀ tó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, fi ìlànà IMT-2030 léde, èyí tí 6G yóò tẹ̀lé. Mímọ ohun tó wà láyìíká wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́rùn níbẹ̀. Bí àdán ṣe ń fi ohùn ara rẹ̀ tó gbá nǹkan padà mọ ibi tí ògiri wà lóru, ìgbì tó gbé ọ̀rọ̀ lọ náà ni yóò máa ròyìn ohun tó bá pàdé: ọkọ̀ tó ń yọ ní kọ́nà, tàbí àgbàlagbà tó ṣubú nínú yàrá tí kò sí kámẹ́rà.