ÌDÁJỌ́ ÒDODO LÓRÍ PÁPÁ BỌ́Ọ̀LÙ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ wo ẹjọ́ méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹwàá ọdún 2011.

Ní pápá Anfield, Patrice Evra fi ẹ̀sùn kan Luis Suárez pé ó fi àwọ̀ ara bú òun. Suárez ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun sọ "negro", àti pé ní Uruguay, kì í ṣe èébú. Ìgbìmọ̀ gbọ́ tọ̀tún-tòsì, wọ́n sì pe àwọn onímọ̀ èdè. Wọ́n rí i pé ẹ̀ẹ̀meje ni, tìbínú-tìbínú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi dá a dúró, pẹ̀lú owó ìtanràn £40,000.

Ti John Terry ni ó rú ọ̀pọ̀ lójú. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2012 lórí ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí Anton Ferdinand. Ní oṣù kẹsàn-án, àjọ bọ́ọ̀lù fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àti £220,000 jẹ ẹ́ níyà. Èyí kì í ṣe àbòsí. Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi bí iyèméjì tí ó nídìí bá ṣẹ́kù. Èyí tí ó ṣeé gbà gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni àjọ bọ́ọ̀lù ń wò. Ìyà Suárez pọ̀ jù nítorí pé léraléra ni ó sọ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìdájọ́ Suárez, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liverpool wọ ẹ̀wù tí àwòrán rẹ̀ wà lára. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwé àlàyé ìdájọ́, ojú ewé 115, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde! Ní ọdún 2019, Jamie Carragher, ọ̀kan nínú wọn, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Evra ní gbangba.