Òjò Kọ́ Ló Pa Ẹ̀fọ́ Mi
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa ní Owódé)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọgbà ẹ̀fọ́ nígbà tí òjò bá pọ̀ jù. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, mo yá ₦80,000 nínú owó ẹgbẹ́, mo fi gbin tẹ̀tẹ̀ sí àkùrọ̀, ilẹ̀ tó yẹ kí n fi sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kàn fọ́n ọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ ni, mi ò kọ ebè. Òjò oṣù kẹfà àti keje dé, omi dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 4. Ewé pọ́n, ó ń jẹrà láti orí, èbu dúdú bò ó. Èmi tí mo ń kọ orúkọ onígbèsè sínú ìwé, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ tèmi. Owó ìdánwò WAEC ọmọ mi ni mo fi san án. Ọmọ jókòó sílé fún ọdún kan gbáko.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ọdún 2022 yẹn náà ni omíyalé gba oko àti ilé káàkiri Nàìjíríà, ènìyàn tó lé ní 600 sì bá a lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn àgbà tó ń ṣe ẹ̀fọ́ léèrè, wọ́n ní òjò kọ́ ló pa tèmi, omi tí kò rọ́nà lọ ni. Gbòǹgbò ń mí bíi tiwa. Bí omi bá kún ilẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́.

Ohun tí mo kọ́ nìyí:

Ẹ kọ bẹ́ẹ̀dì kí òjò tó wọlé. Kí ó ga dé ìdajì ojúgun, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ọwọ́ lè dé àárín láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ la poro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnu poro kọjú sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kì í ṣe sí ilé aládùúgbò o!

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀fọ́ há mọ́ra. Tẹ̀tẹ̀ tó há kì í tètè gbẹ, ibẹ̀ ni èbu ti ń wọlé. Ẹ má sì wọ ọgbà nígbà tí ewé ṣì tutù.

Òjò líle máa ń fọ ajílẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí i, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Ẹ mọ ẹ̀fọ́ tó bá òjò mu. Gbúre ò bẹ̀rù omi. Ṣọkọ máa ń fara da èbu ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Tòmátò ni kí ẹ ṣọ́ra fún, àrùn rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà òjò. Ẹ má sì gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ máa gbin díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí òjò bá gba ọ̀kan, òmíràn á kù.

Láti ọdún 2023 ni mo ti ń kọ bẹ́ẹ̀dì. Òjò ń rọ̀, èmi náà ń tà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ọwọ́ ẹnìkan ò lè kọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá. Àáró ni àwọn ìyá wa máa ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí á pín ara wa ní mẹ́fà mẹ́fà, kí á máa bá ara wa ro ọgbà ní oṣù kẹta. Kí ìgbìmọ̀ tó ń yáni lówó sì wo poro kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ẹ̀fọ́ nígbà òjò. Ká ní wọ́n wo tèmi ni, ọmọ mi ì bá má jókòó sílé. Ó padà ṣe ìdánwò náà ní 2024, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa.