Ìwọ̀n Tí Odò Lè Gbà

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣàngó wọ Ọ̀tà, tí ẹ sì tẹ̀ síwájú títí dé Àtàn-Ọ̀tà, ẹ óò rí ilé iṣẹ́ ní ọ̀tún, ẹ óò rí i ní òsì: ti irin, ti ike, ti oúnjẹ, ti ohun mímu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í lo omi. Omi tí a bá sì lò tán kò lè sùn sí ilé iṣẹ́; ó ní láti jáde. Ibi tí ó rẹlẹ̀ ni omi máa ń wá lọ, odò ni ó sì rẹlẹ̀ jù.

Odò kò wọ́n ní agbègbè yìí. Odò Atuwara ń bẹ. Odò Ilo ń bẹ. Ní ìhà Àgbárá, odò Owo ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ologe. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé jáde lórí odò Ilo ní Ọ̀tà. Ohun tí wọ́n lọ yẹ̀ wò ni ohun tí omi tí ń ti odò ẹran wá, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, ń ṣe fún odò náà.

Kí ni ẹ̀gbin ń ṣe fún odò gan-an? Ẹja ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń mí. Afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní ọ́síjìn ni ó ń mí, èyí tí ó ti yòrò sínú omi bí iyọ̀ ti í yòrò sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ níbẹ̀. Lítà kan omi tútù ti ìlú òyìnbó, tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 10, lè gba nǹkan bí míligíráàmù 11. Omi odò tiwa, tí ooru rẹ̀ lè tó ìwọ̀n 30, kò lè gbà ju nǹkan bí 7 ààbọ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ màlúù, omi ẹ̀gẹ́ tàbí ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wọ inú odò, àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mí. Bí oúnjẹ wọn bá pọ̀ jù, wọn yóò mí afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja yóò kú, odò yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́.

Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ́ ilé ìwẹ̀nùmọ́ omi. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe idán. A ó kọ́kọ́ sẹ́ pàǹtírí kúrò, a ó jẹ́ kí omi tòrò kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà nínú àgbá ńlá, kí àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn lè jẹ ẹ̀gbin tán níbẹ̀ kí omi tó dé odò. Àwọn onímọ̀ méjì ní Manchester, Ardern àti Lockett, ni ó fi ọ̀nà yìí han aráyé ní ọdún 1914. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ni ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Bí kò bá sí iná mànàmáná, tí kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, ilé náà di àgbá omi ìdọ̀tí lásán.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ilé iṣẹ́ bá ń pọ̀, a óò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú ilé ìwẹ̀nùmọ́ gbòòrò sí i. Ṣé ire ni fún odò, àbí ibi? Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé kan ń da 1,000,000 lítà sí odò lójúmọ́, tí míligíráàmù ẹ̀gbin 40 sì wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Kílógíráàmù 40 nìyẹn. Wọ́n mú un gbòòrò, ó ń da 3,000,000 lítà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ titun ti sọ ẹ̀gbin inú lítà kọ̀ọ̀kan di 20. Omi ti mọ́ sí i ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: kílógíráàmù 60 ni odò ń gbà nísinsìnyí.

Ẹ má ì tíì dájọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé níbo ni 2,000,000 lítà tí ó lé yẹn ti wá. Bí ó bá jẹ́ omi gọ́tà tí ń wọ odò tẹ́lẹ̀ láìfọ̀ rárá, tí míligíráàmù 300 wà nínú lítà rẹ̀, kílógíráàmù 600 ni òun nìkan ń gbé wá. Àpapọ̀ 640 ti di 60: ire ńlá ni! Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ titun tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹrù ni a dì kún ẹrù odò.

Odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀rí ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ sọ pé apá kan rẹ̀ ti kú, kò sí ẹja níbẹ̀. Wọ́n tún ilé ìwẹ̀nùmọ́ Crossness àti Beckton ṣe, wọ́n mú wọn gbòòrò. Ní ọdún 1974, wọ́n rí ẹja salmon nínú odò náà.

Ohun kejì ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọdún 1912, ìgbìmọ̀ ìjọba Bìrìtìkó kan sọ pé omi tí a ti wẹ̀, tí yóò gba míligíráàmù ọ́síjìn 20 ní lítà kan, lè wọ odò bí omi odò náà bá tó ìlọ́po 8 rẹ̀. Nítorí náà 3,000,000 lítà ń fẹ́ odò tí ń gbé 24,000,000 lítà lójúmọ́. Kì í ṣe oṣù Agẹmọ, nígbà tí òjò ti kún odò, ni kí a wọ̀n ọ́n. Oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí odò ti fà, ni kí a wọ̀n ọ́n.

Ohun kẹta: kòkòrò kì í jẹ irin. Òjé àti àwọn irin olóró mìíràn kì í jẹrà. Apá kan yóò bá omi lọ sí odò, ìyókù yóò wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń lo irú wọn gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi rẹ̀ kí ó tó rán an jáde.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹ̀gbin olóró láti Ítálì wá dà sí Kókó ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀. NESREA ni ó gba iṣẹ́ náà láti ọdún 2007. Òfin 86 ti ọdún 1992 sì ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé ìwẹ̀nùmọ́ omi sì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fún ará ìlú ní àyè láti sọ èrò wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́, bí wọ́n bá pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ. Ẹ má bèèrè pé “Ṣé omi náà yóò mọ́?” nìkan. Ẹ bèèrè pé: Lítà mélòó ni? Níbo ni ó ti wá? Báwo ni odò yóò ti pọ̀ tó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Bí iná bá lọ ńkọ́? Ta ni yóò máa yẹ omi náà wò, níbo ni a óò sì ti rí àbájáde rẹ̀ kà?

Ẹ̀yin tí ń pọn omi odò, ẹ má jẹ́ kí mímọ́ lójú tàn yín. Omi lè tòrò kí àrùn wà nínú rẹ̀. Ẹ máa sè é. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé sísè kò lè yọ òjé.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Ọ̀tà ń dà síwájú lónìí, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ wa ni wọ́n, ará wa ni wọ́n.

Ó dìgbà kan ná o.